Bó o ṣe máa yan ẹ̀kọ́ mẹ́fà fún IB Diploma

Ọmọ tó bá wọ ọ́fíìsì mi láti bi mí pé ẹ̀kọ́ wo ni kí òun yàn, èmi náà á bi í pé: kí lo fẹ́ lọ kà ní yunifásítì? Bí kò bá tíì mọ̀, ó kéré tán, ó mọ èyí tí kò wù ú. Ibẹ̀ la ti máa bẹ̀rẹ̀.

Nínú IB Diploma, ìyẹn ètò ẹ̀kọ́ International Baccalaureate fún àwọn tó ń múra yunifásítì, ẹ̀kọ́ mẹ́fà lo máa fi ọdún méjì ṣe, mẹ́ta ní ìpele gíga tí wọ́n ń pè ní HL, mẹ́ta yòókù ní ìpele gbogbogbòò tí wọ́n ń pè ní SL. HL kọ̀ọ̀kan ń gba wákàtí 240, SL ń gba 150. Nítorí náà, HL ni kó o fara balẹ̀ yàn. Ẹni tó ń lọ ka ìmọ̀ ẹ̀rọ, Mathematics àti Physics ni kó kọ́kọ́ fojú sí. Ẹni tó ń lọ ka ìṣègùn, kó má fi Chemistry ṣeré rárá. Mathematics fúnra rẹ̀ pín sí méjì. Analysis and Approaches kún fún álíjébírà àti ìfìdímúlẹ̀, ìyẹn fífi ẹ̀rí hàn pé òfin ìṣirò kan jẹ́ òótọ́. Applications and Interpretation fẹ́ràn dátà àti ẹ̀rọ ìṣirò. Kọ̀wé sí yunifásítì náà, kó o bi wọ́n pé èwo ni wọ́n ń gbà, torí àwọn kan wà tí wọn ò ní wo ìkejì lójú.

Ọ̀kan nínú ẹ̀kọ́ mẹ́fà náà wà fún iṣẹ́ ọnà. Bí kò bá wù ọ́, o lè fi ẹ̀kọ́ mìíràn rọ́pò rẹ̀, bíi sáyẹ́ǹsì kejì. HL mẹ́rin ńkọ́? Òfin gbà á. Èmi ò fọwọ́ sí i, àfi bí yunifásítì bá dìídì bèèrè fún un.

Máàkì 7 ló ga jù nínú ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, 42 nìyẹn. Mẹ́ta tó sọ ọ́ di 45 ń ti ọ̀dọ̀ Theory of Knowledge (ẹ̀kọ́ nípa bí a ṣe ń mọ ohun tí a mọ̀) àti Extended Essay (àròkọ ìwádìí tí wàá dá kọ) wá, bó o bá sì gba E, èyí tó kéré jù, nínú ọ̀kankan nínú méjèèjì, díplómà ti bọ́ nìyẹn, ì báà jẹ́ pé o ti ní ju 24 tí wọ́n ń béèrè lọ.

Ìbéèrè tó fẹ̀ jù ló ń ba Extended Essay jẹ́. Ọ̀rọ̀ 4,000 ò lè gba "ipa omi lórí ewéko". Ṣùgbọ́n "Báwo ni iyọ̀ inú omi ṣe ń dín iye irúgbìn ẹ̀wà tó ń hù láàárín ọjọ́ méje kù?", ìyẹn ṣeé wọ̀n. Bó o bá ka ìbéèrè rẹ tán tí o ò lè sọ ohun tí wàá wọ̀n, tàbí ìwé tí wàá yẹ̀ wò, tún un kọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni olùtọ́sọ́nà rẹ lè sọ èrò rẹ̀ lórí odindi iṣẹ́ tó o kọ, kò sì gbọ́dọ̀ bá ọ tún un kọ. Má wá gbé ìdajì iṣẹ́ wá fún mi o.

CAS, ìyẹn iṣẹ́ àtinúdá, eré ìdárayá àti iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ fún ìlú, kò ní máàkì, ṣùgbọ́n bí o ò bá parí rẹ̀, kò sí díplómà. Oṣù 18 ni, ẹ̀yin òbí, ẹ má jẹ́ kó di fọ́tò tí wọ́n sáré yà ní ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn.

Kọ Extended Essay rẹ nínú ọlidé tó wà láàárín ọdún méjèèjì. Tí kíláàsì bá wọlé padà, iṣẹ́ inú ilé-ẹ̀kọ́ fún ẹ̀kọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà máa dé lẹ́ẹ̀kan náà.