Ọ̀dà Inú Ilé: Bí A Ṣe Ń Ra Èyí Tó Tó Owó Rẹ̀

Bí àgbẹ̀ bá ti ta kòkó tán, tí ọyẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ilé máa ń rántí ògiri. Ọdún ń bọ̀, àwọn ọmọ ń bọ̀ láti Èkó, baálé á ní kí wọ́n lọ wá ọ̀dà rà. Àsìkò tó dára fún iṣẹ́ náà ni, torí pé ọyẹ́ máa ń jẹ́ kí ọ̀dà tètè gbẹ. Ṣùgbọ́n ìkánjú wà níbẹ̀, ìkánjú yẹn ló sì ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn ra ohun tí kò ní pẹ́ lára ògiri.

Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Lọ́dún tí a kó wọ ilé wa, mo ra bọ́kẹ́ẹ̀tì kan lẹ́bàá títì torí pé owó rẹ̀ kò tó ìdajì ti àwọn yòókù. Ó funfun, ó ki, ó wúwo. Ó rẹwà fún oṣù méjì. Lọ́jọ́ Sunday kan, ọmọbìnrin mi fẹ̀yìn ti ògiri pálọ̀, ó ń dúró dè wá ká jọ jáde. Nígbà tó yíjú padà, gbogbo ẹ̀yìn aṣọ àdìrẹ rẹ̀ ti funfun bí ẹni tó yí nínú láfún. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ ra ògiri, ọ̀dà bá mi lọ. Kí ọdún tó yípo, a tún un kùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sanwó ọ̀dà, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sanwó akunlé.

Ohun tó wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì

Nǹkan mẹ́rin ló ṣe pàtàkì nínú ímọ́ṣọ̀n, ìyẹn ọ̀dà olómi tí a ń kùn sínú ilé: omi, àtè, àwọ̀, àti ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ń mú un pọ̀. Omi á gbẹ lọ, kò sí ohun tó kàn wá níbẹ̀. Àtè ni àwọn tó ń ṣe ọ̀dà ń pè ní báíńdà. Òun ló ń lẹ gbogbo yòókù mọ́ra wọn, tó sì ń lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri. Nínú àwọ̀, titanium funfun ló lágbára jù láti bo ohun tó wà lábẹ́. Ìyẹ̀fun náà ni wọ́n ń pè ní kálísíọ́ọ̀mù, òkúta funfun tí wọ́n lọ̀ kúnná ni.

Àtè àti titanium ló wọ́n. Kálísíọ́ọ̀mù kò wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ ta ọ̀dà ní ẹ̀dínwó gidi gan-an á dín méjì àkọ́kọ́ kù, á sì da ẹ̀kẹta sí i. Bí ọ̀dà mi ṣe rí nìyẹn: òkúta tí kò rí àtè tó láti dì í mú ni ọmọ mi gbé sẹ́yìn.

Nítorí náà, ẹ má fi kíki mọ ọ̀dà tó dára. Nǹkan mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní Nitrosol, ìwọ̀nba díẹ̀ rẹ̀ á mú omi lásán ki bí ẹ̀kọ gbígbóná. Ẹ má sì fi wíwúwo mọ̀ ọ́n, torí òkúta náà wúwo.

Ẹ dán an wò kí ẹ tó ra púpọ̀

Ẹ ra gálọ́ọ̀nù oní lítà 4 kan ṣoṣo lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ wá ìwé ìròyìn àtijọ́, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó, kí lẹ́tà gàgàrà tó wà lójú ìwé náà kọjú síta. Ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀kan, ẹ jẹ́ kó gbẹ fún wákàtí mẹ́rin, ẹ tún un kùn. Bí ó bá gbẹ tán tí ẹ ṣì ń ka àkọlé ìwé náà ketekete, àwọ̀ inú rẹ̀ kò tó, ìgbà mẹ́rin ni ẹ ó máa kun ògiri yín.

Ẹ tún kun igun kan níbi tójú kò ti ní rí i, bóyá ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ fi aṣọ dúdú gbígbẹ nù ún bí ẹni ń nu tábìlì. Bí aṣọ bá funfun, ẹ má padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún yín.

Kí ẹ ṣí ọmọrí bọ́kẹ́ẹ̀tì lójú ẹni tó ń tà á. Ọ̀dà tó bá ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́ ti kú nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ wò ó bóyá ìdè ọmọrí ti já rí, torí àwọn kan ń ra bọ́kẹ́ẹ̀tì òfìfo ilé iṣẹ́ olórúkọ, wọ́n á rọ ọ̀dà tiwọn sí i. Ẹ wo àmì MANCAP lára rẹ̀, àmì tí SON, àjọ ìjọba tó ń yẹ ojúlówó ọjà wò, ń fún ọjà tí a ṣe ní Nàìjíríà nìyẹn. Ẹ wo nọ́ńbà ìpele tí wọ́n ti ṣe é (batch number) pẹ̀lú. Bí ẹ bá ń ra ju bọ́kẹ́ẹ̀tì kan lọ, kí nọ́ńbà wọn bára mu. Bí kò bá bára mu, ẹ pò wọ́n pọ̀ nínú ike ńlá kan kí akunlé tó bẹ̀rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ògiri kan á mọ́ ju èkejì lọ.

Ìṣirò rẹ̀

Ká mú yàrá kan tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12, tí gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10. Ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ 480 lápapọ̀. Ẹ yọ ìlẹ̀kùn kan àti fèrèsé méjì kúrò, ó ku nǹkan bí 427. Lítà kan ímọ́ṣọ̀n gidi a máa bo nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 110 lórí ògiri tó dán. Gálọ́ọ̀nù kan ló máa kun yàrá náà lẹ́ẹ̀kan, méjì á kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Ògiri tó bá rí ságisági á mu jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi owó àpẹẹrẹ ṣe é, kì í ṣe iye ọjà tòní. Ká ní bọ́kẹ́ẹ̀tì lítà 20 kan jẹ́ ₦45,000, èkejì sì jẹ́ ₦20,000. Lítà 8 nínú èyí tó wọ́n jẹ́ ₦18,000, yàrá ti parí. Èyí tí kò wọ́n gbọ́dọ̀ di kíkùn mẹ́rin kó tó bo ògiri, ìyẹn lítà 16, ₦16,000. Gbogbo èrè tí ẹ jẹ kò ju ₦2,000 lọ. Akunlé á sì gba owó kíkùn méjì tó lé. Ọdún tó ń bọ̀ ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣe irú ìṣirò yìí pẹ̀lú iye tí wọ́n bá pè fún yín lọ́jà, ì báà jẹ́ ní Orílé l'Ékòó tàbí ní ìsọ̀ tó wà nítòsí yín.

Yàrá wo, ọ̀dà wo

Ímọ́ṣọ̀n tó fún àjà ilé àti iyàrá àgbàlagbà. Níbi tí ọwọ́ ọmọdé ń kan ògiri lójoojúmọ́, ìyẹn pálọ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti yàrá àwọn ọmọ, sátìnì, ọ̀dà tó ń dán díẹ̀, ló yẹ, torí ó ṣeé fi ọṣẹ fọ̀. Ó wọ́n ju ímọ́ṣọ̀n lọ. Bí owó kò bá ká a, ẹ kun sátìnì láti ilẹ̀ dé èjìká, kí ẹ fi ímọ́ṣọ̀n aláwọ̀ kan náà parí òkè. Ìsàlẹ̀ ni ìdọ̀tí ń dé, ibẹ̀ sì ni owó yẹ kó lọ.

Ilé ìdáná tí a ti ń fi igi dáná le díẹ̀. Bí ẹ bá kun ímọ́ṣọ̀n lé èéfín, èéfín á mú àwọ̀ pọ́n jáde láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ fi omi ọṣẹ fọ ògiri títí omi á fi mọ́, kó gbẹ dáadáa, kí ẹ wá fi ọ̀dà elépo kùn ún. Tẹ́sìkóòtù, ìyẹn ọ̀dà tó ń rí ságisági lára ògiri, ìta ni tirẹ̀. Mi ò rí ohun tó ń ṣe nínú pálọ̀, eruku ń há sínú rẹ̀ kò sì ṣeé nù.

Ògiri fúnra rẹ̀

Kò sí ọ̀dà tó lè wo ògiri tó ń ṣàìsàn. Ilé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi símẹ́ńtì rẹ́ gbọ́dọ̀ gbẹ tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí a tó kùn ún. Omi àti agbára símẹ́ńtì tutù á ti ọ̀dà dànù. Bí ọ̀dà bá ń ṣí nísàlẹ̀ ògiri nìkan, tí iyọ̀ funfun ń hù níbẹ̀, omi ló ń gòkè láti inú ilẹ̀. Bíríkìlà ni ẹ ó kọ́kọ́ pè. Ibi tí èbu dúdú bá hù sí, ẹ fi bílíìṣì ìwọ̀n kan sínú omi ìwọ̀n mẹ́ta, ẹ fi kùn ún, ẹ dúró díẹ̀, ẹ fi omi ṣàn án, kó gbẹ. Ẹ má ṣe po bílíìṣì mọ́ kẹ́míkà mìíràn rárá.

Ẹ dúró ti akunlé nígbà tó bá ń po ọ̀dà. Ẹ ka iye omi tí wọ́n kọ sára bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ọ̀dà tó dára jù lọ pàápàá á di omi lásán bí omi bá ti pọ̀ jù.

Òjé

Èyí ni mo fẹ́ kí gbogbo ìyá ka. Òjé tí apẹja ń so mọ́ àwọ̀n kó lè rì, òun kan náà ni àwọn kan ń fi sínú ọ̀dà, pàápàá ọ̀dà elépo aláwọ̀ pupa, ìyeyè àti ewéko. Ó ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, kò sì sí ìwọ̀n rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí a lè sọ pé kò léwu. Ìdí nìyẹn tí Amẹ́ríkà fi fòfin de ọ̀dà olójé nínú ilé ní 1978. Ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń gbani níyànjú pé kí ọ̀dà má kọjá ni 90 nínú mílíọ̀nù kan. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kò sí òjé nínú rẹ̀. Bí kò bá sí lára èyí tí ẹ dì mú, ẹ gbé e kalẹ̀.

Ọ̀dà olójé tó ti ń bó máa ń dùn lẹ́nu, ìyẹn ló ń jẹ́ kí ọmọ máa he é jẹ. Bí ilé yín bá ti pẹ́, ẹ má fi sáńpépà gbígbẹ ha ọ̀dà àtijọ́, eruku rẹ̀ ló burú jù. Ẹ fi omi rin ín, ẹ rọra ha á, ẹ kó àwọn ọmọ lọ sílé ìyá àgbà títí ẹ ó fi nu ilẹ̀ tán.

Fún àwọn tó ní irè oko nílé

Kòkó gbígbẹ máa ń fa òórùn mọ́ra. Ẹ má kó àpò rẹ̀ sí yàrá tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ọ̀dà elépo, oníbàrà á gbọ́ òórùn náà, á sì dá a padà. Ẹ ṣí fèrèsé, kí òórùn lọ tán pátápátá. Aláboyún àti ọmọ ọwọ́ náà kò gbọdọ̀ sùn níbẹ̀ títí dìgbà yẹn. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà tó ti ṣófo kò yẹ fún omi mímu tàbí gàrí, bó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó.

Èyí tó bá ṣẹ́kù nínú ọ̀dà, ẹ rọ ọ́ sínú ìgò kékeré, ẹ dé e pinpin, ẹ kọ orúkọ yàrá àti nọ́ńbà ìpele sí i lára, ẹ gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò tó. Lọ́jọ́ tí bọ́ọ̀lù bá ba ògiri, ẹ kò ní lọ sọ́jà.