Ilé Yìnyín Aṣálẹ̀ àti Ìkòkò Tó Ń Mú Tòmátì Pẹ́

Kí iná mànàmáná tó dé rárá ni àwọn ará aṣálẹ̀ Ìránì ti ń mu omi yìnyín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Yakhchal ni wọ́n ń pe ilé tí wọ́n ń kó yìnyín pamọ́ sí, ọ̀kan sì ṣì wà ní Meybod, ìlú kan ní Ìránì. Ẹni tó bá rí i lókèèrè lè pè é ní òkìtì ọ̀gán. Ògiri rẹ̀ lè nípọn tó mítà 2 nísàlẹ̀. Amọ̀, iyanrìn, eérú, irun ewúrẹ́ àti funfun ẹyin (bẹ́ẹ̀ ni, ẹyin adìẹ) ni wọ́n pò pọ̀ tí wọ́n fi rẹ́ ẹ, kí ooru má baà ráyè wọlé.

Lóru ìgbà òtútù, wọ́n á da omi sínú kòtò tí kò jìn, lẹ́yìn ògiri gíga tó ń ṣíji bò ó lọ́sàn-án. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ, ìkùukùu kì í sí lójú ọ̀run, nítorí náà ooru inú omi á gba òkè lọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, omi ti dì. Wọ́n á gé e, wọ́n á kó o wọlé, wọ́n á fi koríko gbígbẹ bò ó. Ojú ihò kan wà nísàlẹ̀ tí omi tó bá yọ́ ń gbà jáde, torí yìnyín tó bá jókòó sínú omi kì í pẹ́ tán.

Òru tiwa ò tutù tó bẹ́ẹ̀, ẹ má wulẹ̀ dán an wò. Ṣùgbọ́n àmù ìyá àgbà wà nílé. Omi ń yọ lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ, bó sì ti ń lọ ló ń kó ooru dání. Ọgbọ́n yìí ni Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní Jígàwá, lò láti ṣe ìkòkò inú ìkòkò tó ń mú ẹ̀fọ́ tutù, tó fi gba ẹ̀bùn tí ilé iṣẹ́ aago Rolex ń fún àwọn tó bá dá ohun tuntun sílẹ̀, lọ́dún 2000.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, ẹ wá ìkòkò amọ̀ 2 tí wọn ò kùn lọ́dà, kí ọ̀kan wọ inú èkejì kí àyè ìka 3 ṣì kù yí i ká. Ìkòkò irin ò ní ṣiṣẹ́. Ẹ da iyanrìn sí ìdí èyí tó tóbi, ẹ gbé kékeré lé e, ẹ fi iyanrìn dí àyè náà, kí ẹ sì bomi rin ín títí ara ìkòkò ìta á fi rin. Ẹ kó tòmátì, ata tàbí ẹ̀fọ́ tí kò ní egbò sínú rẹ̀, ẹ fi àpò ìdọ̀họ tútù bò ó. Orí bíríkì lábẹ́ ibòji, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, ni kí ẹ gbé e sí, kì í ṣe kọ̀rọ̀ yàrá. Ẹ máa bomi rin iyanrìn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Ẹ wo okùn aṣọ yín. Lọ́jọ́ tí aṣọ bá tètè gbẹ, bíi ìgbà ọyẹ́ ní Ṣakí àti Ìṣẹ́yìn, ìkòkò yóò tutù dáadáa. Lóṣù kẹfà tí òjò ń rọ̀ ṣáá, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Àlùbọ́sà kò fẹ́ ọ̀rinrin, ẹ jẹ́ kó wà níta. Ẹran, ẹja àti wàrà ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ rárá. Òtútù rẹ̀ ò tó èyí tó lè gbà wọ́n lọ́wọ́ ìdíbàjẹ́.