PCOS àti Ọ̀rá Inú Ẹ̀jẹ̀: Ẹ̀ Ń Sá fún Epo, Ẹ̀ Ń Mu Mọ́ọ̀tì

Ẹ̀yin obìnrin tí dókítà ti sọ fún pé ẹ ní PCOS, ìyẹn ìṣòro họ́mọ̀nù tó máa ń da nǹkan oṣù rú, la kọ ìwé yìí fún, àti ẹni yòówù tó ń dáná nínú ilé yín. A ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń yan gààrí tàbí bí wọ́n ṣe ń se ẹ̀fọ́, ẹ mọ̀ ọ́n jù wá lọ.

Ohun tó fà á ni obìnrin kan níbi tí wọ́n ti ń yan gààrí, tí inú dédé bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, inú rírun ọ̀hún gba iwájú yọ sẹ́yìn, ó ń bì, wọ́n ní ọgbẹ́ inú ni, wọ́n ń po àgbo fún un, ọjọ́ kejì ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e dé ọsibítù. Triglyceride ẹ̀, ìyẹn irú ọ̀rá kan nínú ẹ̀jẹ̀, ti lé ní 1,000. Pancreas ẹ̀, ẹ̀yà ara kan tó wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ, ló ti wú. Owó tí ẹgbẹ́ wa, ẹgbẹ́ àwa tá à ń yan gààrí, fẹ́ fi ra ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n á máa fi lọ ẹ̀gẹ́, ọsibítù ló gbà á tán. Ó yè é, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí ti ṣe àyẹ̀wò ní oṣù mẹ́jọ ṣáájú ìgbà yẹn, 540 ni wọ́n kọ síbẹ̀, ó ká ìwé ọ̀hún sínú Bíbélì ó ń bá tiẹ̀ lọ.

Àṣìṣe tá à ń rí ṣáá nìyí, a ti sọ ọ́ títí ẹnu ń ro wá: bí wọ́n bá ti ní ọ̀rá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ yín, epo lẹ kọ́kọ́ máa ń lé jáde. Ẹ ó fi epo pupa sílẹ̀, ẹ ó fi ẹyin sílẹ̀, ẹ ó máa jẹ ilá tí kò rí epo sójú, ẹ ó wá bu ẹ̀bà bí orí ọmọ tì í, ẹ ó fi mọ́ọ̀tì tútù sìn ín lọ sísàlẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan fi oṣù mẹ́ta gbààwẹ̀ epo, ó sì ń fi yangàn. Ìgbà tó padà lọ ṣe àyẹ̀wò, triglyceride ẹ̀ tó jẹ́ 212 ti di 287. Ó bínú sáwọn ará lábù, ó ní ẹ̀rọ wọn ti bàjẹ́. Mo ní kó ka ohun tó jẹ lánàá fún mi. Ẹ̀kọ gbígbóná láàárọ̀ pẹ̀lú hóró ṣúgà márùn-ún, gààrí mímu lọ́sàn-án tòun ti ṣúgà, ẹ̀bà lálẹ́, mọ́ọ̀tì àti mílíìkì kó tó sùn, "nítorí ẹ̀jẹ̀", torí pé bí nǹkan oṣù ẹ̀ bá dé lẹ́yìn oṣù méjì mẹ́ta, ṣe ló máa ń dà wìì. Àǹtí mi, mọ́ọ̀tì kì í dá ẹ̀jẹ̀ padà. Bẹ́ ẹ bá rò pé ẹ̀jẹ̀ yín kéré, ẹ lọ yẹ PCV wò, àyẹ̀wò bí ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó, kí wọ́n fún yín loògùn ẹ̀jẹ̀.

Nínú PCOS, ara kì í sábà gbọ́ràn sí insulin, èròjà tó ń bá ara lo ṣúgà, lẹ́nu dáadáa, torí ẹ̀ ni ṣúgà àti oúnjẹ bí ẹ̀bà tó bá ṣẹ́ kù, ẹ̀dọ̀ á sọ ọ́ di ọ̀rá, á tú u sínú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀rá yẹn gan-an ni triglyceride. Ẹ lè má fọwọ́ kan epo kó ṣì máa gòkè.

Kíka ìwé àyẹ̀wò. Ẹ má ka ìlà total cholesterol nìkan kẹ́ ẹ máa jó, èyí tá a sábà ń rí lára ẹni tó ní PCOS ni kí triglyceride ga, kí HDL, ọ̀rá tó dára, kéré, kí total sì dà bíi pé kò sí ìyọnu. Triglyceride ò gbọdọ̀ tó 150. 200 sí 499 ti pọ̀ jù. Láti 500 lọ sókè, ẹ má sun oorun ọ̀sẹ̀ kan lé e lórí kẹ́ ẹ tó rí dókítà, bí inú bá sì ń run yín yọ sẹ́yìn pẹ̀lú èébì, ọjọ́ náà gan-an lẹ máa lọ. HDL, èyí tó dára, kó lé ní 50 fún obìnrin. LDL, èyí tí kò dára, kó má tó 100 ló dáa jù. mg/dL ni gbogbo ìwọ̀nyí. Bó bá jẹ́ mmol/L ni lábù yín kọ, ẹ sọ triglyceride di ìlọ́po 88.6, kẹ́ ẹ sọ cholesterol di ìlọ́po 38.7. Ẹnì kan pè mí lórí fóònù tayọ̀tayọ̀ pé tòun ò ju 3 lọ. 3 mmol ni o, 266 nìyẹn.

Ìlànà àgbáyé lórí PCOS tí wọ́n tún ṣe ní 2023 ní kí gbogbo obìnrin tí wọ́n bá ti rí i lára ẹ̀ ṣe lipid profile, àyẹ̀wò ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, lójú ẹsẹ̀, ọjọ́ orí yòówù kó jẹ́, ì báà sanra ì báà pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ẹ̀yin lẹ́pa tẹ́ ẹ ní kò kàn yín, ó kàn yín.

Ẹ jẹun alẹ́ tán ní aago mẹ́jọ, kẹ́ ẹ lọ jẹ́ kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ yín fún àyẹ̀wò ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Omi lásán lẹ lè mu. Tíì kékeré náà, tíì ni. Ẹ má lọ lọ́jọ́ kejì òde ìnáwó.

Ní ti oúnjẹ, ohun mímu aládùn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fà tu. Ẹ wo ẹ̀yìn ìgò, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ sugars sí, ẹ pín iye grams tó wà nínú odindi ìgò náà sí 4, iye ṣíbí ìmutíì tẹ́ ẹ fẹ́ mu nìyẹn. Bí grams bá jẹ́ 32, ṣíbí 8 ni. Ẹ gbé ife, ẹ fi ṣíbí bù ú sínú ẹ̀ lójú àwọn ọmọ yín, ẹ̀yin fúnra yín á sọ pé ẹ ò lè mu ún. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní bí ṣíbí 6 lójúmọ́ ló dáa kéèyàn má kọjá, àtàárọ̀ dalẹ́. Ìjọba fi owó orí náírà 10 lé lítà kan ohun mímu aládùn ní 2022, kò sì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ lójú agbo ijó. Jùúsì inú páálí wà níbẹ̀, sóbò tẹ́ ẹ da ṣúgà sí wà níbẹ̀. Ọsàn, ẹ jẹ ẹ́, ẹ má fún un mu.

Ẹ̀bà, iyán, àmàlà, fùfú: ìkúùkù yín kan, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́. Ìkúùkù tiyín ni mo wí o, kì í ṣe ti ọkọ yín. Kí ẹ̀fọ́ tàbí ilá gba ìdajì abọ́. Gààrí mímu, bẹ́ ẹ bá máa mu ún rárá, ẹ̀kúnwọ́ kan pẹ̀lú ẹ̀pà, láìsí ṣúgà. Ẹ̀wà tàbí mọ́ínmọ́ín ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀wà tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú epo kọ́. Ẹja títọ́ọ̀sì tàbí ṣáwà, ègé kan tó tó àtẹ́lẹwọ́, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹ sè é, ẹ má dín in.

Èyí ò wá sọ pé kẹ́ ẹ máa da epo bí omi. Bí ìdajì epo pupa ló jẹ́ irú ọ̀rá tó ń gbé LDL sókè, torí náà ṣíbí ìjẹun kan fún ẹnì kan, ìkòkò èèyàn mẹ́rin, ṣíbí mẹ́rin, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ má fi ojú wò ó. Òróró àgbọn táwọn kan ń tà fún yín lórí WhatsApp pé ó ń wo PCOS, tiẹ̀ tún le ju ti epo pupa lọ, ó lé ní 80 nínú 100. Mo ti bá wọn jà títí, wọ́n yọ mí kúrò nínú gúrúùpù. Àgbo tí wọ́n rẹ sínú ọgógóró, ọtí ni, ọtí sì ń gbé triglyceride sókè, ì báà jẹ́ ife kékeré kan.

Rírìn kíákíá fún ìṣẹ́jú 30, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Kí ẹni tó jókòó ti iná gààrí látàárọ̀ má sọ pé òun ti ṣe eré ìdárayá, òógùn iná nìyẹn. Ẹni tó bá wọ̀n kílò 80 tó sì sanra jù, kílò 4 tó bá fi jò, á hàn nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀.

Oògùn: bí dókítà bá fẹ́ fún yín ní oògùn ìfètòsọ́mọbíbí tó ní estrogen, họ́mọ̀nù obìnrin kan, láti fi to nǹkan oṣù, ẹ sọ fún un pé triglyceride yín ga, torí estrogen lè tì í sókè sí i. Bẹ́ ẹ bá ti ń lò ó, ẹ má dá a dúró fúnra yín, ẹ lọ bi í. Bẹ́ ẹ bá ń wá oyún, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó kọ statin, oògùn tó ń dín cholesterol kù, fún yín, bí oyún bá sì dé sí i, ẹ padà lọ sọ fún un kíá. Metformin, oògùn tó ń mú kí ara gbọ́ràn sí insulin, ẹ lò ó pẹ̀lú oúnjẹ.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ẹ tún àyẹ̀wò náà ṣe, ní lábù kan náà tó bá ṣeé ṣe, kẹ́ ẹ mú ìwé ti àkọ́kọ́ dání lọ fún dókítà, ìwé ọ̀hún gan-an, kì í ṣe fọ́tò tí igun ẹ̀ ti gé nọ́ńbà kúrò.