Wáàtì 5,000 orí páálí: bí mo ṣe fi bátìrì gbé orin jáde ní Láfíàjì

Ẹni tó kọ 5,000W sí ara sípíkà yẹn, Ọlọ́run á bi í. Owó tó lé ní ₦150,000 ni mo kó sílẹ̀ nítorí nọ́ńbà yẹn. Nígbà tí mo délé tí mo tú ẹ̀yìn rẹ̀ wò, bátìrì kékeré kan ni mo bá níbẹ̀, fóòtì (volt) 12, 4.5Ah (Ah ni iye iná tó lè tọ́jú). Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: 12 lọ́nà 4.5 jẹ́ 54. Wáàtì-wákàtí 54 péré, ìyẹn ni pé ó lè gbé wáàtì 54 fún wákàtí kan. Bó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ni sípíkà náà ń jẹ wáàtì 5,000, bátìrì yẹn ò ní gbé e tó ìṣẹ́jú kan kó tó kú fin-ín-fin-ín.

Mo padà lọ bá ẹni tó tà á fún mi. Ó wò mí tìyanu-tìyanu, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, PMPO ni wọ́n kọ síbẹ̀ o, ẹ ò kà á délẹ̀ ni." PMPO! Nọ́ńbà tí ẹni tó ń tẹ páálí lè kọ bó bá ṣe wù ú, torí kò sí òṣùwọ̀n kan pàtó tó dè é. RMS lẹ máa wá, ìyẹn agbára tó lè máa gbé jáde láìdáwọ́dúró. Nínú ìwé pélébé tó bá tèmi wá ni mo ti rí i, lẹ́tà rẹ̀ kéré débi pé iná fóònù ni mo fi kà á: wáàtì 40. Kò gbà á padà, mo sì fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

Ohun tó gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn ọmọ àdúgbò ní Láfíàjì, ní Lagos Island. Bí wọ́n ṣe ń múra de Fanti Carnival ti ọdún Àjíǹde, wọ́n ní kí n wá lu bíìtì fáwọn lójú títì nírọ̀lẹ́ kan. Wọ́n mọ̀ pé mo ní SP-404MKII, ẹ̀rọ onípádì tí mo fi ń lu bíìtì, àti volca keys, dùùrù kékeré oníná, ẹ̀rọ méjì tó wọnú báàgì kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n Àlàájà tó ni ilé tá a máa jókòó síwájú rẹ̀ ti fọwọ́ lalẹ̀ fún wọn: kò sí jẹnẹrétọ̀ lẹ́nu ọ̀nà òun. Mi ò bá Àlàájà jà. Òpópónà ibẹ̀ há, èéfín ò ríbi gbà. Àti pé láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lọ́dún 2023, ta ló tún fẹ́ rọ epo sí "I better pass my neighbour" kó wá máa gbọ́ ariwo rẹ̀ lórí orin?

Ti bátìrì ò ṣòro. Mo yọ bátìrì léèdì inú sípíkà dànù, torí ìyẹn gan-an, béèyàn bá ń lò ó kọjá ìdajì, kì í pẹ́ tó fi ń bàjẹ́. Mo ra lithium, irú tí wọ́n ń pè ní LiFePO4, fóòtì 12.8, 20Ah. Wáàtì-wákàtí 256 nìyẹn. Mo fi fíùsì sáàárín, ó tán.

Àfi ariwo. Ariwo ló sọ mí di ẹni tí kì í sùn.

Volca ń fẹ́ fóòtì 9, SP ń fẹ́ 5 láti ojú USB-C. Èrò mi ni pé kí bátìrì kan ṣoṣo bọ́ gbogbo wọn, mo sì ra ẹ̀rọ kékeré méjì tó ń dín fóòtì kù. Mo tan iná. Mi ò tíì tẹ kọ́kọ́rọ́ kankan tí sípíkà ti ń hán gooro bí ẹ̀fọn tó wọnú nẹ́ẹ̀tì. Mo yí fólúùmù SP sílẹ̀ pátápátá, ó ṣì ń hán. Ohun tó wá yà mí lẹ́nu ni pé bí iná ojú pádì bá ṣẹ́jú, ariwo náà á ṣẹ́jú tẹ̀ lé e: tí-tí-tí-tí. Bí mo bá yí ojú ìwé lórí sìkíríìnì, ohùn ẹ̀fọn yẹn á yí padà.

Kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tó fà á. Ẹnì kan ní wáyà ohùn ni kò dáa, mo ra wáyà tó nípọn. Ẹnì kejì ní míksà ni, ẹ̀rọ tó ń po ohùn SP àti ti volca pọ̀ lọ sínú sípíkà. Mo gbé míksà lọ fún rẹ́pérà kan, ó tú u, ó ní kapásítọ̀ ló ti gbẹ, ó pààrọ̀ méjì, ó gbowó. Mo gbé e délé, ẹ̀fọn ń kọrin lọ ràì. Nígbà tí mo pè é, ó ní bóyá iná ilé mi ni. Iná ilé wo? Bátìrì ni mò ń lò!

Níkẹyìn, inú ló bí mi tí mo fi fa wáyà iná yọ lára volca, tí mo ki bátìrì AA mẹ́fà sínú rẹ̀. Ó dákẹ́ rọ́rọ́. Mo ki wáyà iná padà, ẹ̀fọn dé. Mo fà á yọ, ó lọ. Mo pariwo débi pé aládùúgbò mi kan ilẹ̀kùn.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyí. Nẹ́gátíìfù ẹ̀rọ méjèèjì pàdé nídìí bátìrì. Wọ́n tún pàdé lẹ́ẹ̀kejì nínú míksà, torí wáyà tó bo ara wáyà ohùn náà, nẹ́gátíìfù ni. Ọ̀nà wá di méjì fún iná tó ń padà lọ sídìí bátìrì, ìdọ̀tí tí kọ̀ǹpútà inú SP ń tú sínú iná náà sì ń gba ojú ọ̀nà orin kọjá. Wáyà ò ṣẹ̀, míksà ò ṣẹ̀, kapásítọ̀ tí wọ́n pààrọ̀ yẹn náà ò ṣẹ̀.

Nítorí náà, mo tú wọn ká. Volca ń jẹ AA tirẹ̀, irú NiMH tó ṣeé ṣájì, fóòtì 1.2 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, volca sì gbà á. SP ń jẹ páwà báǹkì tirẹ̀. Bátìrì ńlá di ti sípíkà nìkan. Mo tún fi ground loop isolator, ẹ̀rọ kékeré tó ń gé ọ̀nà kejì yẹn, sáàárín míksà àti sípíkà. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe rédíò mọ́tò lẹ ti máa rí i. Nínú rẹ̀, wáyà tó ń gbé ohùn wọlé ò kan èyí tó ń gbé e jáde, agbára òòfà ló ń gbé ohùn kọjá. Olówó pọ́ọ́kú rẹ̀ máa ń jẹ báàsì, ẹ fi etí gbọ́ ọ kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ẹ tún ṣọ́ra fún adápítọ̀ fóòtì 9 tí wọ́n ń tà fún pẹ́dálì gìtá. Ti pẹ́dálì, nẹ́gátíìfù ló wà láàárín púlọ́ọ̀gì. Ti volca, pọ́sítíìfù ni. Àwọn tó ń tà á kì í sọ.

Lọ́jọ́ náà, mo gbé sípíkà sórí tábìlì kó ga ju àyà èèyàn lọ, mo fẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri Àlàájà kí báàsì má baà sá lọ. Níta gbangba, gbogbo ìgbà tí jíjìnnà bá di ìlọ́po méjì ni ohùn ń fi dẹ́síbẹ́lì (òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe le tó) 6 rẹlẹ̀. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ní káwọn oníjó sún mọ́ mi dípò kí n máa yí fólúùmù. A lù ú tó wákàtí mẹ́rin. Wáàtì 40 yẹn tó wa, ẹ gbà mí gbọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tẹ̀ ba, ó gbé aṣọ tábìlì sókè, ó ń wá jẹnẹrétọ̀. Àlàájà fúnra rẹ̀ jáde wá jókòó.

Owó tó tún ń dùn mí báyìí ni ti ṣájà. Lithium yìí ń fẹ́ ṣájà tirẹ̀, tó ń dúró ní fóòtì 14.6, mi ò sì jẹ́ kí ṣájà inú sípíkà fọwọ́ kàn án. Ó wọ́n ju bí mo ṣe rò lọ. Ọmọ àdúgbò kan ti wá yá a pé kóun fi ṣájì bátìrì ọ̀kadà òun. Mo ní kó máa lọ.