Bí mo ṣe sọ budgie di ará ilé wa l'Ábẹ́òkúta

Ẹni tó bá ti sin adìẹ rí ló máa ń rò pé kò sí nǹkan kan nínú ẹyẹ sísìn. Adìẹ la sìn dàgbà nílé bàbá mi ní Ìjàyè: a á da àgbàdo sílẹ̀, a á gbé omi kalẹ̀, ó parí. Nígbà tí màmá mi rí budgie, ẹyẹ kékeré kan tó jẹ́ ìbátan ayékòótọ́, tí mo gbé wálé, wọ́n ní, "Èyí tí kò tó ẹran ìkòkò yìí, kí lo fẹ́ fi ṣe?" Wọn ò jẹ̀bi. Gbogbo ara rẹ̀ kò ju gíráàmù 30 sí 40 lọ.

Ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ń sìn wọ́n lẹ́yìnkùlé ní Ọbáńtokò ni mo ti rà á. Kí n tó sanwó, mo wo ojú rẹ̀ bóyá ó mọ́, mo wo ihò imú bóyá ó gbẹ, mo wo abẹ́ ìrù bóyá ìgbẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn. Ọmọdé ni mo fẹ́, torí ọmọdé ló ń tètè mọ́ èèyàn lára. Ìlà orí wọn máa ń wálẹ̀ dé iwájú orí, ojú wọn á dúdú kirikiri. Tí wọ́n bá dàgbà, ìlà iwájú orí á pòórá, òrùka funfun á sì yọ nínú ẹyinjú. Láti ìgbà náà, ibi tí ihò imú wà lókè ẹnu ló sábà máa ń fi akọ hàn yàtọ̀ sí abo: ti akọ búlúù, ti abo búráùn. Tèmi jẹ́ aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò, bí wọ́n ṣe rí nínú igbó Ọsirélíà tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá.

Kéèjì tó fẹ̀ ni mo rà, kì í ṣe èyí tó kàn ga, torí ẹyẹ kì í gbéra sókè bíi hẹlikọ́pítà. Mo yọ igi oníke tí ẹyẹ ń bà lé, tó bá kéèjì wá, mo fi ẹ̀ka gúáfà tí mo fọ̀ rọ́pò rẹ̀, òmíràn nípọn, òmíràn tín-ín-rín. Igi tó bá rí bákan náà jálẹ̀ máa ń dá egbò sí wọn ní àtẹ́lẹsẹ̀.

Ibi tí mo máa gbé kéèjì sí ló gbà mí ní ìrònú jù. Ilé ìdáná kọ́ o. Ẹ̀dọ̀fóró ẹyẹ kò rí bíi tiwa, ohun tó bá fà símú ń tètè ràn án. Èéfín epo tó ń jó, kọ́ìlì ẹ̀fọn, oògùn tí a ń fín sí yàrá, gbogbo rẹ̀ ló léwu. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni páànù tí ẹyin kì í lẹ̀ mọ́: tó bá gbóná jù lórí iná, afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára rẹ̀ lè pa ẹyẹ kíá, kí àwa má tilẹ̀ gbóòórùn kankan. Mo gbé páànù tèmi fún àbúrò mi. Pálọ̀ ni kéèjì wà, ní igun tí fáànù ò ti bá a. Mo tún bẹ aládùúgbò wa kí wọ́n bá mi yí ẹnu jẹnẹrétọ̀ wọn síbòmíràn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, "Torí ẹyẹ?" Wọ́n yí i ṣá.

Jéró ló pọ̀ jù nínú oúnjẹ rẹ̀, bíi ṣíbí ìmutíì kan ààbọ̀ sí méjì lójúmọ́, pẹ̀lú karọ́ọ̀tì tí mo rin àti ẹ̀fọ́ tí mo fọ̀ dáadáa. Píà, ṣokoléètì, kọfí àti ohun oníyọ̀, èèwọ̀ ni. Ẹ má sì wo abọ́ rẹ̀ lókèèrè. Bó ṣe ń jẹun ni èèpo ń bọ́ padà sínú abọ́. Lójú, ó kún. Ẹ fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i, ìyàngbò á fò lọ, ẹ ó wá rí i pé kóro díẹ̀ ló kù nísàlẹ̀. Àràárọ̀ ni mo ń fẹ́ ẹ lẹ́yìn ilé kí n tó bu tuntun.

Bó ṣe mọ́ mi lára ni mo gbádùn jù. Láwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, omi àti oúnjẹ nìkan ni mo ń pààrọ̀. Mo kàn ń jókòó sí tòsí, mo ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo ń ti ọwọ́ bọ inú kéèjì pẹ̀lú ṣírí jéró, láìmira. Ó kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ irin lódìkejì, ìyẹ́ rẹ̀ fún mọ́ ara pinpin. Mi ò lé e. Nígbà tó yá, ó na ọrùn. Ó fi ẹnu tọ́ èékánná mi wò. Ó gbé ẹsẹ̀ kan lé ìka mi, ó gbé e kúrò, ó tún gbé e padà. Ẹsẹ̀ náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìgbà tó fi gbé ìkejì lé e, jéró ló ń wò, kì í ṣe èmi.

Lálẹ́, ògbólógbòó adìrẹ Ìtòkú ni mo fi ń bo apá kan kéèjì, kó lè sùn fún wákàtí 10 sí 12. Tuntun kò dáa, àró rẹ̀ ṣì lè máa jáde.

Ẹyẹ yìí máa ń pa àìsàn mọ́ra, kí ẹran apẹyẹjẹ má baà mọ̀ pé agbára rẹ̀ ti ń tán. Nítorí náà ni mo ṣe ń yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò láràárọ̀ lórí bébà tí mo tẹ́ sísàlẹ̀. Tó bá wú ìyẹ́, tó lọ jókòó sísàlẹ̀ kéèjì, tí ìrù rẹ̀ ń lọ sókè sódò bó ṣe ń mí, ọ̀rọ̀ dókítà ẹranko ti dé nìyẹn, lọ́jọ́ náà gan-an. Wọ́n ń kọ́ ìṣègùn ẹranko ní FUNAAB, yunifásítì ìmọ̀ ọ̀gbìn tó wà lójú ọ̀nà Àlábàtà níbí. Ibẹ̀ ni mo ti lọ béèrè ẹni tó mọ ẹyẹ, kí àìsàn tó dé rárá.

Agbo ńlá ni wọ́n ń rìn nínú igbó, nítorí náà mo fẹ́ ra ìkejì. Yàrá ọ̀tọ̀ ló máa wà fún bí oṣù kan, kí n lè mọ̀ pé kò kó àìsàn wọlé. Ọkùnrin Ọbáńtokò yẹn ti ní òun á pè mí tí àwọn ọmọ tó wà nílẹ̀ bá ti ń dá jẹun.