Bí A Ṣe Ń Fi Fóònù Wọn Bí Bọ́ọ̀lù Tó Ń Já Bọ́ Ṣe Ń Yára

Fóònù tó ń ya àwòrán 240 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan tó láti wọn bí ilẹ̀ ṣe ń fa nǹkan. Ohun tó sábà máa ń ba iṣẹ́ náà jẹ́ kì í ṣe pé àwòrán kò pọ̀ tó. Ìmọ́lẹ̀ ni kì í tó.

Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, nínú oòrùn ọ̀sán. Iná mànàmáná tiwa ń lọ sókè sódò ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú wa kì í rí i, ṣùgbọ́n fóònù á rí i, fídíò á sì máa ṣẹ́jú.

Ẹ ta aṣọ dúdú sára ògiri, kí ẹ wá bọ́ọ̀lù tẹníìsì kan àti rúlà gígùn mítà 1. Ẹ gbé fóònù sórí ohun tí kò ní mì, ní nǹkan bíi mítà 2 sí bọ́ọ̀lù. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí bọ́ọ̀lù máa gbà já bọ́ gan-an ni kí rúlà dúró sí, kì í ṣe ara ògiri. Bí rúlà bá fi 20 sẹ̀ǹtímítà wà lẹ́yìn bọ́ọ̀lù, èsì yín á fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lé.

Ojú kámẹ́rà ló kàn, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ wà. Bọ́ọ̀lù tó já bọ́ láti mítà 1 á ti máa sáré tó mítà 4.4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan kó tó kanlẹ̀. Bí ojú kámẹ́rà bá ṣí fún 1/240 ìṣẹ́jú àáyá, bọ́ọ̀lù á ti rìn sẹ̀ǹtímítà 1.8 kí ojú náà tó padé. Ohun tó rí roboto á gùn bí ẹyin, òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ á ṣá bí èéfín, ẹ ò sì ní mọ ibi tí àárín rẹ̀ wà. Ní 1/2000, kò ní rìn ju mìlímítà 2 àti díẹ̀ lọ. Bí áàpù kámẹ́rà yín kò bá jẹ́ kí ẹ yan èyí, oòrùn ni kí ẹ gbára lé: bí ìmọ́lẹ̀ bá ti pọ̀, fóònù fúnra rẹ̀ á dín àkókò náà kù.

Ẹ lè rí i pé àwòrán slow motion (fídíò tó ń lọ díẹ̀díẹ̀) kì í tóbi tó ti fọ́tò. Kíka ohun tó wà lórí sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà, ló ń gba àkókò. Ìdí nìyẹn tí Goji Etoh àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan fi ṣe sẹ́ńsọ̀ tó ń tọ́jú àwòrán sí ẹ̀gbẹ́ píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn ojú kéékèèké tó ń gba ìmọ́lẹ̀ lórí rẹ̀: àwòrán 1,000,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n ààyè ìpamọ́ náà á kún lẹ́yìn nǹkan bí 100.

Ẹ ju bọ́ọ̀lù sílẹ̀ láì tì í. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí fídíò nínú Tracker, áàpù ọ̀fẹ́ tó ń wọn ìrìn nǹkan nínú fídíò, lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ kọ 240 sí frame rate (iye àwòrán ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ẹ fa calibration stick, ọ̀pá tó ń fi gígùn han Tracker, lé rúlà, kí ẹ sì tẹ àárín bọ́ọ̀lù nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fẹ́ kí Tracker máa lé bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀, aṣọ dúdú yẹn ló máa ràn án lọ́wọ́. Bí àwọ̀ bọ́ọ̀lù àti ti ẹ̀yìn rẹ̀ bá jọra, yóò sọnù lójú rẹ̀.

Lórí gíráàfù tó ń fi gíga bọ́ọ̀lù hàn bí àkókò ṣe ń lọ, ẹ jẹ́ kó fa ìlà parabola (ìlà tó tẹ̀ kọrọdọ) gba àárín àwọn àmì náà. Nọ́ńbà A tó bá gbé jáde, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì: ó yẹ kó sún mọ́ 9.8, ìyẹn bí ilẹ̀ ṣe ń fa nǹkan, ẹ má wo àmì ìyọkúrò tó lè wà níwájú rẹ̀. Bí 0.15 bá jáde lẹ́yìn ìlọ́po méjì náà, ẹ kò yí frame rate kúrò ní 30 nìyẹn. Àkókò ti gùn ní ìlọ́po 8, èsì sì ti kéré ní ìlọ́po 64.