Yíyan rìfọ́fà, ìbọn ìléwọ́ kúkúrú tó fúyẹ́, fún ẹni tí òfin gbà láàyè láti gbé e

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà pè mí sí Kétu láìpẹ́ yìí, ó ní, “Bàbá Kékeré, ìbọn wo ni kí n rà tí n óò lè máa fi sábẹ́ aṣọ tí kò ní wúwo sí mi lára?” Ó mọ̀ pé ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe iṣẹ́ gáàdì níbẹ̀ kí n tó padà wálé. Níwọ̀n bí àwọn ọmọ Kétu, ti Ṣábẹ àti ti Àjàṣẹ́ tó wà lókè òkun ti ń pọ̀ sí i, mo rò pé ìdáhùn tí mo fún un lè wúlò fún ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ òfin ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ níhìn-ín, ìwé àṣẹ ìjọba ni a fi ń ní ìbọn, ẹni tí kò bá sì ní in, kí ó má ṣe rò pé ohun tí mò ń kọ yìí kan òun. Ní Texas, láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 21, tí òfin kò sì ka ìbọn léèwọ̀ fún, lè gbé ìbọn ìléwọ́ láìgba ìwé àṣẹ. Síbẹ̀ ìwé náà ṣì wà, ó sì dára kí ènìyàn gbà á, nítorí pé àwọn ìpínlẹ̀ kan wà tó jẹ́ pé ìwé yẹn ni wọn yóò béèrè lọ́wọ́ àlejò. Ẹni tó ní ìwé ìgbélùú títí láé lè ra ìbọn, ṣùgbọ́n ẹni tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú físà ìgbà díẹ̀, bí akẹ́kọ̀ọ́ tàbí àlejò, òfin ìjọba àpapọ̀ kà á léèwọ̀ fún un, àfi àwọn díẹ̀ tí òfin náà fúnra rẹ̀ yọ sílẹ̀. Ìgbà tí ọmọ náà fi dá mi lójú pé ìwé òun pé ni mo tó dá a lóhùn.

Ìbọn tí à ń sọ ni rìfọ́fà, èyí tí ilé ọta rẹ̀ rí róbótó, tó ń yí bí a ti ń fà á, tí ọ̀pá rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ. Ilé iṣẹ́ Colt gbé èyí tí wọ́n ń pè ní Detective Special jáde ní ọdún 1927, ọta mẹ́fà ló ń gbà; Smith & Wesson gbé tiwọn tó kéré sí i jáde ní ọdún 1950, ọta márùn-ún ló ń gbà, irin gidi sì ni gbogbo ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi alumíníọ̀mù ṣe egungun rẹ̀ kí ó lè fúyẹ́. Ní ọdún 2009, ilé iṣẹ́ Ruger mú LCR wá, èyí tí wọ́n fi ike líle ṣe apá kan nínú rẹ̀.

Ìwọ̀n ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí. Onírin gidi máa ń tó nǹkan bí gíráàmù 550, alálumíníọ̀mù bí Smith & Wesson 642 wà ní àyíká 420, LCR oní .38 (nọ́ńbà tó ń sọ bí ọta ti tóbi tó) wà ní àyíká 380, èyí tó fúyẹ́ jù nínú wọn, tí wọ́n fi alumíníọ̀mù tí wọ́n pò mọ́ irin kan tó ń jẹ́ scandium ṣe, ìyẹn 340PD ti ilé iṣẹ́ tó ṣe 642, kò sì ju nǹkan bí 330 lọ. Kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lè mọ ohun tí mò ń sọ, mo ní kí ó fi agolo tòmátì onígíráàmù 400 sínú àpò ṣòkòtò rẹ̀, kí ó sì rìn kiri fún wákàtí kan. Èmi náà dán an wò níhìn-ín, láti ẹ̀gbẹ́ Àkàbà Ìdènà, ẹnu odi àtijọ́ Kétu, dé ọjà. Mo dé ọjà, ṣòkòtò ti fà sí ọ̀tún, ìyá kan tó ń ta gàrí sì bi mí pé kí ló ń ṣe ẹsẹ̀ mi. Ẹni tí kò bá lè fara da agolo yẹn, ìgbànú tó le ni kí ó kọ́kọ́ wá.

Ṣùgbọ́n ohun tó fúyẹ́ ní ìbàdí ni yóò le ní ọwọ́. Baba mi jẹ́ ọdẹ, ó sì máa ń sọ pé ẹni tó ki ẹ̀tù púpọ̀ sínú ìbọn tó fúyẹ́, èjìká rẹ̀ ni ó ń yin ín sí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti rìfọ́fà: agbára kan náà ni ọta fi ń tì wá sẹ́yìn, kí ìbọn sì tó fà á mọ́ra, ó gbọ́dọ̀ wúwo. Nítorí náà, bí ilé iṣẹ́ tilẹ̀ ṣe onígíráàmù 330 yẹn kí ó lè yin ọta .357 Magnum, tó lágbára ju .38 lọ, èmi kì í gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti yin ín nínú rẹ̀. Ọta .38 Special tó. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò lágbára lè wo oní .32, tí ìbọn tó kéré bẹ́ẹ̀ lè gba mẹ́fà nínú rẹ̀, tàbí oní .22 tó ń gba mẹ́jọ. Bí ìbọn bá sì fúyẹ́ púpọ̀, títì rẹ̀ lè fa orí ọta jáde díẹ̀díẹ̀ nínú kòròfo tó gbé e dúró, títí yóò fi há ilé ọta mọ́lẹ̀ tí kò ní yí mọ́. Ẹ yin mẹ́rin, ẹ yọ ìkarùn-ún jáde, ẹ fi í sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí a kò tíì lò. Bí ó bá ti gùn jù ú lọ, irú ọta yẹn kò bá ìbọn náà mu.

Irin tí ìka ń fà ni ohun tó kàn, òun sì ni àwọn olùrà kì í sábà bìkítà fún. Ó máa ń gba agbára tó tó kílò 5 sí 6 kí ó tó yìn, bẹ́ẹ̀ ìbọn fúnra rẹ̀ kò tó ààbọ̀ kílò. Ẹ rí i pé ìka nìkan lè gbé ẹnu ìbọn kúrò lójú ibi tí a sun ún sí. Bí olùtajà bá gbà, kí ẹ ṣí ilé ọta, kí ẹ fi ojú àti ìka wá inú rẹ̀ pé kò sí ohunkóhun níbẹ̀, kí ẹ kọ ẹnu rẹ̀ sí ibi tí kò léwu, kí ẹ wá gbé ẹyọ owó kékeré lé orí ọ̀pá rẹ̀ níwájú, kí ẹ sì fà á. Ẹ fà á ní ìgbà mẹ́wàá. Bí owó náà bá ń já bọ́ ṣáá, tàbí tí ìka ti rẹ̀ yín ní ìgbà keje, ẹ dá a padà, ẹ mú òmíràn.

Ẹ yan èyí tí òòlù rẹ̀, irin tó ń lu ọta kí ó tó yìn, wà nínú ara ìbọn. Òòlù tó yọ síta a máa kọ́ aṣọ, ẹni tó bá sì mọ bí bùbá àti agbádá wa ṣe ní ìṣẹ́po tó kò ní jiyàn pẹ̀lú mi. Ìdìmú kúkúrú fara pamọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ìka tó kéré jù kì í rí ibi dúró sí lórí rẹ̀. Èmi fẹ́ràn onírọ́bà tó bo ẹ̀yìn irin, nítorí àtẹ́lẹwọ́.

Àkọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ bo irin ìfà pátápátá, kọ́kọ́rọ́ tàbí owó kò sì gbọdọ̀ bá a gbé inú àpò kan náà. Ẹni tó ń ra àlòkù kí ó yẹ ìsàlẹ̀ ibi tí ọ̀pá ti wọ inú ara ìbọn wò, nítorí pé àwọn alálumíníọ̀mù àtijọ́ a máa sán níbẹ̀. Ẹ má sì ra ti ẹni tó ń ju ọwọ́ pa ilé ọta dé bí wọ́n ti ń ṣe nínú sinimá, irin tó gbé e dúró ti lè wọ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti fi ojú sí 340PD tẹ́lẹ̀. Mo ní kí ó lọ sí ibi ìdánrawò tí wọ́n ti ń fi ìbọn háyà, kí ó yin márùn-ún pẹ̀lú ọta .357 kí ó tó sanwó. Ó yin mẹ́ta, ó gbé e kalẹ̀, ó sì ní kí wọ́n mú 642 wá.